Àyájọ́ Ikú Ohùn-Irin

Wọn kò fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àárọ̀ ta Olóòtú lọ́rẹ. Ó jà fún un ni. Lẹ́yìn tó ti gboyè ní yunifásítì nínú ìtàn orin, ọdún púpọ̀ ló fi ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò, kí ọ̀gá àgbà tó gbà pé àwọn tí ń jí lọ síbi iṣẹ́ lè fẹ́ mọ ọjọ́ tí àwo orin kan kọ́kọ́ jáde, tàbí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan tú ká. "Ta ló fẹ́ gbọ́ ọjọ́ ìbí onígìtá?" ni ọ̀gá máa ń bi í, á sì rẹ́rìn-ín. Olóòtú kì í bá a rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń padà wá ni, bí omi tí ń kán sórí òkúta, títí òkúta fi luhò.

Nígbà tí ètò Àyájọ́ Orin fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán, ó di ohun tí tọkọtaya fi ń parí iyàn. Bí ẹnì kan bá ti lè sọ pé "Olóòtú ló wí bẹ́ẹ̀," ọ̀rọ̀ bùṣe. Òun fúnra rẹ̀ a sì máa sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, pẹ̀lú ohùn tí kò yára, pé ètò òun kì í ṣì í.

Ní àárọ̀ tí à ń sọ yìí, ẹgbẹ́ Àrá Òwúrọ̀ ló kàn. Ní ogójì ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ṣeré ìkẹyìn, obìnrin tí ń kọrin fún wọn, tí gbogbo ayé ń pè ní Ohùn-Irin, kò sì tún kọrin mọ́ láti ọjọ́ náà. Olóòtú ti bá ẹni tó ń lùlù fún wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọkùnrin náà ti darúgbó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀.

"Ọjọ́ eré yẹn gan-an ni Ohùn-Irin dákẹ́," ló wí.

"Ó mà ṣe o. Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá."

"Hùn. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n kí lèèyàn lè ṣe sí i?"

Yorùbá àwọn àgbà ni Olóòtú fi ń yangàn. Ó mọ̀ pé a kì í sọ pé ẹni iyì kú: a máa dákẹ́, a máa sùn, a máa re ibi àgbà rè. Kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí iná pupa tàn ní yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ó ní, "Ó pé ogójì ọdún lónìí tí Ohùn-Irin jáde láyé. Kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún un." Ó fi orin obìnrin náà sí i lábẹ́lẹ̀, ó sì ní kí àwọn olùgbọ́ máa pè.

Obìnrin ni ẹni tó kọ́kọ́ pè. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì ń ha, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ irin lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọmọ mi. Èmi ni Ohùn-Irin. Ta ló sọ fún yín pé mo kú?"

Orin náà ṣì ń lọ. Ti inú àwo jẹ́ ti ọ̀dọ́, ti orí fóònù jẹ́ ti arúgbó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó létí tí kò ní mọ̀ pé ọ̀fun kan náà ni méjèèjì ti jáde. Ẹnjiníà tó wà lẹ́yìn gíláàsì fò dìde, ó sì gé ìlà náà.

"Kí ló dé tí o fi gé e?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní wọ́n ti kú!" Ó na ìka sí fóònù. "Òkú ń pè wá, ẹ wá ń bi mí léèrè ìlà?"

Olóòtú pe onílù. "Bàbá, ṣé Ohùn-Irin kú ni, àbí kò kú?"

"Kú kẹ̀? Ta ló pa á? Mo ní ó dákẹ́! Ó gbé makirofóònù kalẹ̀, ó ní orin ti tó òun, ló bá dákẹ́."

Olóòtú gbé fóònù náà kúrò létí. Kò tíì gbé fóònù kalẹ̀ tán tí òmíràn fi dún.

"Ẹ má gé e mọ́ o," ni ìyá náà wí. Ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àwọn èèyàn ti kún ẹnu ọ̀nà mi. Wọ́n ní bí mo bá ti kú láti ogójì ọdún, ta ló wá ń bá àwọn gbélé? Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè mí. Onílé ti lọ mú kọ́kọ́rọ́."

"Ẹ fi àga ti ilẹ̀kùn, Màmá. Níbo lẹ wà? Mo ń bọ̀."

Nínú takisí, awakọ̀ yíjú padà sí i. "Mà, ṣé ẹ gbọ́? Òkú pe rédíò láàárọ̀ yìí." Olóòtú kàn mi orí. Kò fẹ́ kí ọkùnrin náà dá ohùn òun mọ̀.

Ilé alájà kan ni, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wà nísàlẹ̀, rédíò télọ̀ sì ń ké lórí fèrèsé. Àwọn èèyàn ti kún orí àtẹ̀gùn. Ìyá ọmọ kan ń fi aṣọ nu ahọ́n ọmọ rẹ̀, nítorí ọmọ náà ti gba bisikíìtì lọ́wọ́ ìyá òkè lánàá.

"Mo ti ń sọ ọ́!" ni obìnrin kan ń ké. "Èèyàn tí kì í ra ẹran!"

"Ìwọ náà kì í ra ẹran. Ṣé ìwọ náà ti kú ni?"

"Tèmi, àìlówó ni!"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Onílé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn òkè, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ wá ihò. "Ẹ jáde kí á rí i bí ẹsẹ̀ yín bá kan ilẹ̀!"

Olóòtú là wọ́n kọjá. "Ẹ gbọ́ mi! Èmi ni Olóòtú Àyájọ́ Orin. Mo ṣìṣe. Obìnrin yìí kò kú rí."

"Ohùn wọn ni lóòótọ́," ni télọ̀ wí.

"Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n," ni onílé dáhùn. "Òkú ti pè wọ́n, wọ́n wá bẹ̀ ẹ́. Mà, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́ pé ẹ kì í ṣì í. Ṣé òní lẹ wá ṣì í?"

Bó ṣe fẹ́ fèsì, ẹnì kan sọ òkúta láti ìta. Gíláàsì fèrèsé òkè fọ́ yángá, ìyá náà sì ké nínú ilé. Olóòtú gbá ilẹ̀kùn náà mú. "Màmá, èmi ni. Ẹ ṣí i!" Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ó wọlé kí onílé tó ráyè tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì tún ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n sì gbé àga tì í.

Arúgbó tín-ín-rín ni Ohùn-Irin, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé. Gíláàsì ti gé e lọ́wọ́.

"Ẹ wò ó, ẹ̀jẹ̀ ni," ló wí. "Bóyá kí n lọ fi hàn wọ́n. Òkú kì í ṣẹ̀jẹ̀."

"Ẹ má jáde, Màmá."

Kọ́kọ́rọ́ wọ ihò. Olóòtú fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó sì pe Ẹnjiníà. "Gbé mi sórí afẹ́fẹ́."

"Ìròyìn ló ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá á lé wa."

"Àbúrò, gbé mi sí i."

Kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀kùn ti Olóòtú síwájú, àga sì ń ha ilẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyá náà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Mo sọ fún yín láàárọ̀ yìí pé Ohùn-Irin kú. Irọ́ ni mo pa. Wọ́n sọ fún mi pé ó dákẹ́, èmi ni mo gbọ́ ikú. N kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì, nítorí mo rò pé Yorùbá tí mo gbọ́ ju ti ẹni tó ń béèrè lọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ó gbóná, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, nítorí òkúta tí wọ́n sọ sí fèrèsé rẹ̀."

Láti ìsàlẹ̀, ohùn tirẹ̀ ń gòkè bọ̀ láti inú rédíò télọ̀, ó ń tẹ̀ lé ẹnu rẹ̀ bí òjìji. Àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn náà dáwọ́ dúró.

"Ẹ gbọ́? Rédíò ti sọ ọ́!" ni ẹnì kan ké lórí àtẹ̀gùn.

"Ṣebí ohun tí obìnrin yẹn sọ fún wa lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn?"

"Ẹnu lásán nìyẹn. Rédíò ti wá sọ ọ́ báyìí."

Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n onílé kò lọ. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo gbà pé ẹ wà láàyè. Ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé mi ní àwọn ò lè sùn sílé yìí mọ́ bí ẹ bá wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibòmíràn."

Ohùn-Irin wo gíláàsì tó fọ́ káàkiri ilẹ̀. "Ibo ni kí n lọ, ọmọ mi? Kò síbi tí wọn kì í ti í gbọ́ rédíò yín. Bí mo bá dé ibẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi."

Olóòtú ya etí aṣọ rẹ̀, ó sì fi di ọwọ́ ìyá náà. Ẹ̀bẹ̀ ti ṣe ìwọ̀nba tó lè ṣe. Gbèsè tó jẹ obìnrin yìí báyìí, ilé ni: ilé tí yóò ti máa sùn láìfi àga ti ilẹ̀kùn.