Oòrùn Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọlé

Ní ìlú wa, láàárín òkè àti omi, oòrùn a máa fi wá sílẹ̀ nínú oṣù kọkànlá, kì í sì í padà títí oṣù kìíní á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kì í ṣe pé ilẹ̀ kì í mọ́ o. Ó ń mọ́, ṣùgbọ́n bí ojú aláìsàn ló ṣe ń mọ́. Lọ́jọ́ tó bá padà, inú àlàfo kan báyìí láàárín òkè méjì ló ti ń yọjú, á wò wá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún wọ̀. Nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn la ṣe ń dín páńkéèkì, tí a ń po kọfí tó nípọn, tí tọmọdé tàgbà ń jókòó sójú fèrèsé bí ẹni ń retí àlejò. Kọfí oòrùn là ń pè é.

Ilé ìdáná Ísgerður ni oòrùn máa ń kọ́kọ́ wọ̀ ládùúgbò wa. Ilé onípákó tí wọ́n fi páànù pupa bò ni ilé rẹ̀, ó kọjú sí etíkun, tèmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A jọ dàgbà ni, a jọ ń ṣiṣẹ́ ẹja ni, ó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dé èbúté kí omi kọfí tó hó, kí wọ́n sọ ọ́ létí Steinvör. Kò parọ́. Ẹnu mi kì í gba ọ̀rọ̀ dúró.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ísgerður bí. Ketill lorúkọ rẹ̀, Reykjavík, olú-ìlú wa, ló ń gbé, ilé ló sì ń yà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ kọ́ ilé àwọn àgbàlagbà sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta dí omi òkun ṣe lẹ́bàá èbúté, wọ́n ní kí àwọn ayàwòrán-ilé wá díje, Ketill ló sì borí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin ni, gbogbo yàrá ló kọjú sí oòrùn, gíláàsì láti òkè délẹ̀. "Màmá ni mò ń kọ́ ọ fún," ló máa ń wí. Ísgerður ò ní in lọ́kàn láti kó lọ síbikíbi, ṣùgbọ́n ó gé àwòrán ilé náà nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè sítóòfù. Ẹni tó bá wá mu kọfí lọ́dọ̀ rẹ̀, dandan ni kó wò ó.

Nígbà ìpàdé ìlú, Ketill fi òjìji ilé náà hàn wá lára ògiri, wákàtí dé wákàtí: òjìji ti oṣù kẹta, òjìji ti oṣù kẹfà. Ohun tí òfin béèrè nìyẹn. Kò kan ilé ẹnì kankan. A pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo pariwo jù lọ níbẹ̀, ibi tí wọn yóò máa gbé mọ́tò sí ni mo sì ń bá wọn jà lé lórí. Kò sẹ́ni tó bi í nípa oṣù kìíní. Ta ni yóò máa wá òjìji nínú oṣù tí kò sí oòrùn?

Ìgbà tí ilé náà fi ga dé àjà kẹrin, àìsàn ọkàn ti dá Ísgerður gúnlẹ̀. Dókítà ní omi ti pọ̀ ju ọkà lọ, ká máa gbé e lọ sílé. Ísgerður sọ fún mi pé òun ò bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i, kí òun ṣáà mu kọfí oòrùn. Ketill wá láti Reykjavík. Ó wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóònù kò kúrò létí rẹ̀: kọnkéré, fèrèsé, àwọn òṣìṣẹ́ tí kò tètè dé. Orí ìnàró ló ti ń jẹun.

Ọjọ́ oòrùn ku ọ̀túnla nígbà tó kan ilẹ̀kùn mi. Ojú rẹ̀ ti funfun.

"Àǹtí Steinvör, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Ó ṣí kọ̀ǹpútà síwájú mi.

"Kí ni mo fẹ́ rí níbẹ̀? Gbogbo ẹ̀ ló dúdú."

"Ibi tó dúdú yẹn, ilé wa nìyẹn. Oòrùn ò ní wọlé ìdáná Màmá. Ilé tí mo yà ló máa dí i."

Inú bí mi. "Ìwọ! Ìwọ tó ò ń jókòó sínú oòrùn yẹn lọ́dọọdún, tí jáàmù á kún ẹ lẹ́nu! Orí rẹ dà nígbà tó ò ń yà á?"

"Oṣù kẹta àti oṣù kẹfà lòfin ní ká wò."

"Òfin! Ṣé òfin ló bí ẹ?"

Ó bo ojú. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bu kọfí fún un, kò mu ún.

Mo ní ká gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé mìíràn tí oòrùn á dé, lọ́jọ́ náà. A ò sọ ìdí rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n Ísgerður kò gbà. Ìdí àga ọkọ rẹ̀ tó kú sómi, nínú ilé ìdáná rẹ̀, ló ti ń wo oòrùn láti ìgbà tó ti wá sílé ọkọ. "Ẹ má gbé mi kiri bí àpò ẹja," ló wí.

Ketill wá rí ọgbọ́n kan dá. Lókè ìlú, lẹ́yìn ilé wa, odi gíga kan wà tí wọ́n mọ láti máa dá yìnyín dúró bó bá ya láti orí òkè. Òjìji ò lè débẹ̀. Ó yọ dígí ńlá tó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ìyá rẹ̀, ó ní òun á gbé e lọ sórí odi yẹn, òun á fi mú oòrùn, òun á dá a padà gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ṣọ́bìrì, ó ń kó yìnyín kúrò lójú fèrèsé náà.

"Kí lọmọ yìí ń wá lẹ́yìnkùlé?" Ísgerður bi mí.

"Ó ń kó yìnyín."

"Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì jókòó tì mí. Sọ fún un kó wá jókòó."

"Á jókòó lọ́la," mo wí.

Lọ́jọ́ oòrùn, ojú ọ̀run mọ́ roro. Mo dín páńkéèkì, mo wọ́n ṣúgà sí i, mo ká a, mo gbé ife mẹ́ta kalẹ̀. Mo gbé Ísgerður sórí àga, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Ketill ti lọ sókè. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ń dún, ó ń dún. Ó ní òun ò fẹ́ ohun tó máa mú ọwọ́ òun mì.

"Ketill dà?"

"Ó ń bọ̀."

Àlàfo òkè mọ́lẹ̀. A gbọ́ igbe ayọ̀ láti àdúgbò kejì. Níwájú wa, ìmọ́lẹ̀ yí etí ilé alájà mẹ́rin náà ká, àwa sì wà nínú òkùnkùn bí ẹni wà nínú ìkòkò. Mi ò lè wojú ọ̀rẹ́ mi.

Lójijì, ìmọ́lẹ̀ bà lé ògiri lókè sítóòfù, lórí àwòrán inú ìwé ìròyìn. Ó gbọ̀n, ó ṣáko lọ sára àwo, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ Ísgerður. Òun náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Steinvör, láti ìgbà wo loòrùn ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé?"

Mo bu kọfí sínú ife rẹ̀.

"Wò ó bó ṣe ń gbọ̀n. Ọwọ́ Ketill nìyẹn. Láti kékeré, bó bá gbé kọfí wá fún mi, ààbọ̀ ẹ̀ ló máa ń dà nù."

"O mọ̀?"

"Ìgbà tí wọ́n ti dé àjà kẹta ni mo ti mọ̀. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ ibi tí oòrùn mi ń gbà?"

"O ò sì sọ fún ẹnì kankan!"

"Kí n sọ kí ni? Ọmọ mi ló ń kọ́lé." Èémí rẹ̀ ń já. "Sọ fún un kó sọ̀ kalẹ̀. Òtútù á mú un. Oòrùn, mo ti rí i yó. Òun gan-an ni mo fẹ́ rí."

Mo sáré ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo rí i lórí odi, ó kéré bí ẹyẹ, dígí wà láyà rẹ̀. Mo ju ọwọ́ mi méjèèjì, mo pè é, mo fi ọwọ́ sọ fún un pé kó máa bọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé ohùn mi lọ. Ó rí mi. Ó rò pé mò ń yọ̀ ni. Ó mú ọwọ́ kan kúrò lára dígí, ó jù ú sí mi tayọ̀tayọ̀, ó tún dì í mú le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ mi ò lè gun òkè yẹn mọ́, mi ò sì lè fi Ísgerður sílẹ̀ lóun nìkan. Mo padà wọlé.

"Ó ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀."

Ó mi orí, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà tí ọwọ́ náà rọ̀ nínú tèmi, kọfí rẹ̀ ò tíì tutù. Ìmọ́lẹ̀ náà wà lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ gbọ̀n mọ́, títí oòrùn fi kúrò ní àlàfo.

Ketill wọlé, yìnyín lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, dígí wà lábíyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọ tó yege ìdánwò. Èmi ló ń wò, kò tíì wo ìdí àga.

"Àǹtí Steinvör, ṣé wọ́n rí i?"

"Wọ́n rí i."

"Kí ni wọ́n wí?"

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Òtútù ti jẹ ẹ́ kó pọ́n, ó ṣì ń gbọ̀n. Èmi tí ẹnu mi kì í gba ọ̀rọ̀ dúró, mo wá ọ̀rọ̀ tì.

"Wọ́n ní ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ò ní jẹ́ kí n gbádùn..." Ó yíjú sí i, ẹ̀rín sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó gbé dígí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kó má baà fọ́. Fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò wò ó. Ó fa àga kẹta sún mọ́ ti ìyá rẹ̀, ó jókòó tì í, kò sì dìde títí ilẹ̀ fi ṣú.