Tìmùtìmù Ilé Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó

Bí ìyàwó onítìmùtìmù bá jí láàárọ̀, ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń wò kì í ṣe ojú rẹ̀. Ibi tó sùn sí ni. Á ti àtàǹpàkò bọ inú tìmùtìmù náà, á tẹ̀ ẹ́ láti ibi orí dé ibi ẹsẹ̀, á máa mi orí bí ọlọ́pàá tó ń fọ̀rọ̀ wá olè lẹ́nu wò.

"Báwo ló ṣe rí lónìí?" á béèrè. Ibùsùn ló ń béèrè.

"Ó dà bíi pé wọ́n fi mí sínú odó gún mọ́jú," obìnrin náà á ní.

"Ibo ló ń dùn ẹ́?"

"Ibi tí kò dùn mí ni kẹ́ ẹ béèrè, ìyẹn ló máa tètè tán."

Ọ̀rọ̀ yìí ń ká ọkùnrin náà lára. Láti ìgbà tó ti kọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láìparí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kọ́ láyé: kí ẹ̀yìn ọmọ èèyàn rí ibi ire sinmi. Àwọn tí ẹ̀yìn ń ro máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá a, wọ́n á sùn sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á sì padà wá dúpẹ́. Kí ló wá dé tí ìyàwó tirẹ̀ fi ń jí bí ẹni tí wọ́n nà? Ta ló gbọ́ ọ rí pé ìyàwó alágbẹ̀dẹ ń fi eyín gé ẹran?

Ó tú tìmùtìmù náà, ó fi fóòmù líle sí i. Ìyàwó ní òkúta ni. Ó tún un tú, ó ki òwú sí i. Ìyàwó ní òun ń rì. Ó to sípíríìngì sí i lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Obìnrin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń pe òun lórúkọ. Ọkùnrin náà ò bínú. Ohun tí kò bá yé e ni kì í jẹ́ kó gbádùn. Bó bá ti rí okùn tó ta kókó, ó ti jókòó tì í nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti ń lọ aṣọ. Lọ́jọ́ míì, á lọ aṣọ tó ga bí òkè, á tún máa kọrin sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì, áyọ́ọ̀nù kan náà á wúwo bí ọlọ lọ́wọ́ rẹ̀. Á dúró láàárín yàrá, á gbàgbé ohun tó wá mú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan, làwọn èèyàn bá ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Nígbà tó yá ni dókítà obìnrin kan fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀, tó sì fún ohun tó ń ṣe é lórúkọ: fàìbúrómàyájíà.

"Orúkọ yìí gùn ju ọkọ̀ ojú irin lọ," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Kí ló túmọ̀ sí?"

"Dókítà ní egungun mi ò kán, ẹ̀jẹ̀ mi ò bà jẹ́. Àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ ló ń pariwo. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ wúyẹ́wúyẹ́, igbe ni wọ́n ń fi ké e. Mo ń sùn, àmọ́ oorun kì í kún mi."

"Dókítà yẹn ò tíì rí ibùsùn wa ni." Ó nawọ́ mú abẹ́rẹ́ ńlá rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni obìnrin náà sọ ọ́. Kò pariwo. "Tó bá di Sátidé, mo máa kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ara máa ń tù mí níbẹ̀."

"Fún ọjọ́ mélòó?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá títí."

Ọkùnrin náà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Títí kẹ̀! Nínú gbogbo ilé tó wà láyé, ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó yẹn! Obìnrin yẹn ló lọ ra tìmùtìmù lọ́wọ́ ẹlòmíì nígbà kan, tó tún ní kí wọ́n rù ú gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà, onítìmùtìmù ò fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà obìnrin náà mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lójú títì, á kí i bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ń yún un bíi wèrèpè: kí ló wà nínú tìmùtìmù yẹn tí ara fi ń tu ìyàwó òun níbẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó ki téèpù ìwọ̀n bọ àpò, ó forí lé ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó.

Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó kọ háà. "Ta ni mò ń wò yìí? Ṣé o ṣìnà ni, àbí ilé ẹ jóná?"

"Ẹ kú ọ̀sán, mà." Ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, ìdajì tó kù, inú rẹ̀ ò tíì gbà á. "Mo wá wọn ẹnu ọ̀nà yàrá ni, torí ẹrù ìyàwó mi."

"Ẹrù? Ṣé erin ni àbúrò mi ń kó bọ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ bu omi wá.

Kó tó dé ilé ìdáná, àna rẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá tí ìyàwó rẹ̀ máa ń sùn sí. Ó tẹ tìmùtìmù náà. Ó tún un tẹ̀. Àárín rẹ̀ ti jìn bí adágún, fóòmù rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun, sípíríìngì kan sì yọrí síta bí ìgbín. Ó rò ó pé bóyá àṣírí kan wà níbẹ̀ tí àtàǹpàkò ò lè mọ̀, ló bá dùbúlẹ̀ lé e. Sípíríìngì náà gún un níbàdí.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàtà ẹ wà lẹ́sẹ̀ o."

Ó fò dìde. "Ta ló ṣe ìrànù yìí?"

"Ẹni tó o torí ẹ̀ dì mí sínú ni."

"Orí èyí ni ìyàwó mi ń sùn?"

"Orí ẹ̀ ni."

"Tí ara ẹ̀ sì ń yá?"

"Ta ló pa irú irọ́ yẹn fún ẹ? Bó ṣe ń jí nílé ẹ náà ló ń jí níbí. Ó tiẹ̀ tún le díẹ̀."

Onítìmùtìmù rọra jókòó. Ó dà bí ẹni tó ti ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò láti àárọ̀, tó wá gbójú sókè, tó rí i pé ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn lòun dúró tì.

"Kí lẹ wá ń ṣe fún un," ó béèrè, "tó fi ní ara ń tu òun?"

Obìnrin náà ronú. "Kò sí nǹkan ńlá. Tó bá jí, mo máa ń bi í pé irú ọjọ́ wo ni tòní. Tó bá ní kò dáa, mo gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kó mú ẹlẹ́rìí wá. A jọ máa ń rìn jẹ́jẹ́ dé ìpẹ̀kun òpópónà, a ó padà. Tí ọ̀rọ̀ bá sọ nù lẹ́nu ẹ̀, mo máa dúró dè é. Ọjọ́ tí ara ẹ̀ bá wá yá gágá, mo máa ń ní kó fi díẹ̀ sílẹ̀ de ọ̀la."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn àti oògùn dókítà. Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo bi í gbẹ̀yìn, tí kì í ṣe ibùsùn lò ń bi?"

Ó mu omi náà tán, ó gbàgbé téèpù rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, àpò obìnrin náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ ò tẹ tìmùtìmù. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

"Irú ọjọ́ wo ni tòní?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tó gbọ́ tí ajá sọ̀rọ̀. "Kò dáa."

"Mo gbọ́." Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ fóòmù, ó gbé e mì. "Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Tí okùn bá ń já lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tí okùn dáa, tí aṣọ dáa, tí abẹ́rẹ́ mú, mo mọ̀ pé ohun tó di okùn mú ló fún jù. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

"Ó jọ ọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ kì í sunkún."

"Ta ló fún un jù?"

"Dókítà ní kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ ọ́n tán."

"Ṣé ó ṣeé dẹ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀. Á dẹ̀ lónìí, á tún le lọ́la. Kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ máa tú palẹ̀, kẹ́ ẹ rán padà."

"Tí mo bá dì mọ́ ẹ ńkọ́? Ṣé ó máa ń dùn ẹ́?"

"Nígbà míì. Mi ò kàn fẹ́ sọ fún yín ni."

"Máa sọ fún mi. Àtàǹpàkò mi ò lè mọ̀ ọ́n."

Ó tún béèrè òtútù. Ó béèrè ariwo. Ó béèrè bóyá áyọ́ọ̀nù kékeré á sàn ju ńlá lọ, àti bóyá èèyàn lè jókòó lọ aṣọ. Nígbà tó béèrè bóyá irun orí náà máa ń dùn ún, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá nílé ìwé torí ìbéèrè tíṣà!"

"Tíṣà yẹn ò béèrè nǹkan gidi ni. Wọ bàtà ẹ, ká rìn dé ìpẹ̀kun òpópónà."

Ó kọ́kọ́ sáré ṣíwájú bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ìyàwó rẹ̀ ti jìnnà sí i. Ó padà, ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé ẹsẹ̀ obìnrin náà. Wọn ò tíì dé ìpẹ̀kun tí obìnrin náà fi dúró, ó ní, "Ó tó." Ọkùnrin náà kórìíra kó dá nǹkan dúró lágbedeméjì, àmọ́ ó ní, "Ó tó náà nìyẹn." Wọ́n yí padà.

Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin náà wo àpò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ gbé e kúrò lọ́nà, kí n má baà fẹsẹ̀ kọ ọ́."

Ọkọ rẹ̀ gbé àpò náà. "Ibo ni kí n gbé e sí?"

"Inú yàrá. Tẹ́ ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ibùsùn láàárọ̀, mo mọ ibi tó wà."

Tó fi máa di ọjọ́ Ajé, onítìmùtìmù ti ru fóòmù tuntun lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ó ti tú ìrànù yẹn palẹ̀ sí àárín yàrá.

"Ṣé o ti dárí jì mí nìyẹn?" ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó béèrè.

"Rárá o, mà," ó dáhùn, okùn wà láàárín eyín rẹ̀. "Àmọ́ ìyàwó mi á ṣì máa wá kí yín."