Ebi Ọjọ́ Ìwọ̀n

Kí ẹnikẹ́ni tó bá mi wí, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: èmi ni mo ń bu oúnjẹ fún ìyàwó ọmọ mi, ọwọ́ mi ò sì mọ ìwọ̀n. Bí ìsàlẹ̀ abọ́ rẹ̀ bá ti ń yọjú báyìí, mo ti bu òmíràn lé e. "Ẹni méjì lò ń jẹun fún," ni mo máa ń sọ. Ọdún kẹfà rèé tó wọlé wa, oyún yìí sì ni àkọ́kọ́ tó dúró. Ta ló fẹ́ ní kí n fọwọ́ lẹ́rán?

Ìyàwó mi kì í ṣe pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ti sanra dáadáa kó tó wá sílé wa, ó sì rẹwà nínú ẹ̀. Télọ̀ ni. Yàrá iwájú ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, lẹ́bàá fèrèsé, ibẹ̀ ló sì ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, pínnì mẹ́ta-mẹ́rin lẹ́nu. Tí mo bá gbé oúnjẹ dé, á yọ pínnì, á ní, "Ẹ ṣé, Mà," á sì jẹ ẹ́ tán. Kò kọ oúnjẹ mi rí. Èmi rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù ló máa ń lọ sí kílíníìkì aboyún. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n sọ ní Olóhùn-iyọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe o, torí tó bá sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn, ẹni tó wà ní títì lè dáhùn. Aboyún á gun òṣùwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, Olóhùn-iyọ̀ á kígbe nọ́ńbà rẹ̀ fún akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ ọ́ sínú káàdì lódìkejì, gbogbo ìjókòó á sì gbọ́. Lóṣù kẹrin, nígbà tí wọ́n pe ti ìyàwó mi, obìnrin kan súfèé, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni mo tó gbọ́ èyí.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé lóṣù karùn-ún, ó fẹ̀rín wọlé. Nọ́ọ̀sì yìn ín pé kò fi nǹkan kan kún. Oṣù kẹfà, bákan náà. Inú bí mi. Nọ́ọ̀sì wo ló ń yin aboyún pé kò sanra sí i? Mo ní èmi pẹ̀lú rẹ̀ la ó jọ lọ lóṣù keje, kí n lè bá obìnrin náà fà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo se ẹyin fún un. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká dé ná." Aṣọ tó wọ̀ fẹ́lẹ́, kò ní aṣọ ìtẹ́nú, kò ní bọ́tìnì, òun ló rán an fúnra rẹ̀ nítorí ọjọ́ ìwọ̀n. Mo bi í bóyá ó fẹ́ fò ni. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, a jáde.

Bó ṣe gun òṣùwọ̀n báyìí, Olóhùn-iyọ̀ ò tíì lanu tí òòyì fi kọ́ ìyàwó mi, tó ta gbọ̀ngbọ́n. Èmi ni mo dì í mú. Ara kì í ṣe igi. Wọ́n gbé e wọ yàrá inú, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Olóhùn-iyọ̀ fi ohùn kékeré kan tí mi ò mọ̀ pó ní sọ̀rọ̀. "Ẹ ò tíì jẹun. Láti ìgbà wo?"

Ìyàwó mi wò mí, ó wo nọ́ọ̀sì. "Láti alẹ́ Ìṣẹ́gun."

Mo ní irọ́ ni, ṣebí èmi ni mo gbé oúnjẹ fún un lánàá. Ó ní inú ọ̀rá lòun dà á sí, lábẹ́ àgékù aṣọ. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. "Mà, tí mi ò bá jẹ ẹ́ tán, inú yín ò ní dùn. Tí mo bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á pariwo mi níbí. Mo wá ń jẹ tiyín, mo ń gbààwẹ̀ tiwọn tí ọjọ́ ìwọ̀n bá ku ọjọ́ méjì. Ṣé mi ò ti ṣe ọmọ mi léṣe?"

Olóhùn-iyọ̀ gbé ẹ̀rọ lé ikùn rẹ̀, ó tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́. "Ọkàn ọmọ ń lù dáadáa," ló wí. "Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Mò ń yìn yín, mi ò bi yín lóhun tí ẹ jẹ." Ó ní aboyún tó sanra kò gbọ́dọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀ kó lè fọn, kó máa fi kún díẹ̀díẹ̀ ni. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, kí ẹ̀wà tàbí ẹja wà níbẹ̀, kí ìrẹsì má pọ̀. Kó mu omi dípò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó sì máa dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kó rìn. Ó wá kọjú sí mi. "Mà, ọmọ inú ò bèèrè abọ́ méjì. Oúnjẹ tó dáa ló ń bèèrè, kó sì máa rí i lójoojúmọ́."

Ìjà ni mo bá wá, ṣùgbọ́n oyún tèmi ni mo rántí. Nígbà tí mo lóyún ọkọ rẹ̀, ife kékeré ni ìyá ọkọ mi fi ń wọn ìrẹsì fún mi, ebi ni mo fi gbé oyún yẹn dé ilẹ̀. Mo búra pé ìyàwó kankan ò ní mọ ebi nílé mi. Ebi wá wà ní yàrá iwájú mi fún oṣù mẹ́ta, mo ń gbé abọ́ kọjá lára rẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò sì tì mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo se ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, mo bù ú níwọ̀n, mo sì jókòó tì í. Ó rọra jẹ ẹ́ tán. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi ìkòkò kí n tó fà á padà.

Mo ní, "Ìyàwó mi, ṣé ó tó?"

Ọdún mẹ́fà, mi ò bi í rí. Ó wojú mi bíi kó mọ èyí tí mo fẹ́ gbọ́, mo sì gbé ojú kúrò kó má baà rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ebi ṣì ń pa mí díẹ̀, Mà," ló wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Ṣíbí kan. Ṣíbí kejì. Ó gbé ọwọ́ lé abọ́.

"Ó tó, Mà."

Mo dáwọ́ dúró.