Ẹni Tó Ń Pè Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Láti ìgbà tí Ezekiel ti kú ni Fọlákẹ́mi ìyàwó rẹ̀ ti ń pè é lórí fóònù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà ni, ó mọ̀wé, ó sì mọ̀ pé òkú kì í gbé fóònù. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sórí orúkọ tó fi pa nọ́mbà náà mọ́: Ọkọ Mi.

Àṣà àwọn méjèèjì ni tẹ́lẹ̀. Oko kòkó Ezekiel wà lọ́nà Ìsẹ̀, ọkùnrin náà kì í sì í ra káàdì sórí fóònù rẹ̀. Bó bá ti ń kúrò lóko, á fíláàṣì ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á gé e, Fọlákẹ́mi á wá pè é padà láti Ìkẹ́rẹ́. Ohun kan náà ló máa ń sọ. "Mò ń bọ̀ n'ulé. Gbé uṣu ka uná." Ìgbà tó bá fi dé, iṣu ti jinná, odó ti wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, obìnrin inú ẹ̀rọ ló máa ń dáhùn pé wọ́n ti pa fóònù náà. Fọlákẹ́mi á gbọ́ ọ tán, á gé e, á wọ ilé ìdáná lọ. Ìyẹn náà ń tù ú nínú díẹ̀.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó pè é tí fóònù náà dún. Ẹnì kan gbé e.

"Hẹ́lò?" Ohùn ọmọbìnrin ni. "Ta nì yẹn?"

Ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹnu Fọlákẹ́mi kò là. Ó di fóònù mú mọ́ etí, ó ń mí, títí ọmọ náà fi gé e.

Ó fi ọgbọ́n bi Àánú, ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, léèrè ọ̀rọ̀ náà. Àánú ní kò sí àràmàǹdà níbẹ̀. "Màmí, bí wọn ò bá lo líìnì kan fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ tó ni ín á gbà á padà, wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn." Ọ̀rọ̀ náà yé e yékéyéké. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún pè é.

Kì í ṣe ọmọbìnrin náà ló ń wá. Ẹ̀yìn ohùn ọmọ náà ló máa ń tẹ́tí sí, níbi tí ewúrẹ́ àti afẹ́fẹ́ wà, bóyá òun á gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń tinú oko bọ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ tí ọkùnrin kan wúkọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì gbé àwo iṣu rẹ̀ sílẹ̀, ó fún fóònù mọ́ etí. Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó ṣépè, ó tún ké pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Fọlákẹ́mi kò fọhùn. Bó bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, líìnì náà á di ti ọmọ ọlọ́mọ pátápátá, òun náà á sì di opó tí kò ní ibi tó ń pè mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ìkìlọ̀ kan wọlé sórí Wásáàpù. Obìnrin kan ló ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní àwọn oníjìbìtì kan ti ń lo òkú báyìí. Bí òkú náà bá pe ènìyàn, kì í sọ̀rọ̀, á kàn máa mí, ẹ̀mí ẹni tó gbé e ló sì ń fà. Ó ní obìnrin kan gbé e ní Òmùò, ibẹ̀ ló ṣubú sí tó kú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ràn ará ilé rẹ̀ pín in kíákíá.

Ẹ wá wo obìnrin tó mọ̀wé. Ara Fọlákẹ́mi bù máṣọ. Ó pín in fún gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, ó fi kún un pé, "Ẹ má gbé e o, ẹ̀yin ìyá." Bó ṣe pín in tán ló pe Ọkọ Mi. Kò tilẹ̀ sọ sí i lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ méjèèjì lè tan mọ́ra.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Adégòkè akọ̀wé ìjọ dìde fún ìkéde. Adégòkè fẹ́ràn ìkéde ju ìwàásù lọ, ó sì ní èyí tó gbóná lọ́jọ́ náà. Ó ní Ọlọ́run ti tú àṣírí òkú tó ń pe ènìyàn, ọmọbìnrin kan tí òkú náà ń pè ti fi nọ́mbà rẹ̀ síta lórí Wásáàpù, ó sì ti dé ọwọ́ òun. "Ẹ mú fóònù yín jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń kà á, kí ẹ lè búlọ́ọ̀kù rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìjọ ń tẹ̀ ẹ́, Fọlákẹ́mi náà ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kà á dé àárín, ìka rẹ̀ dúró. Nọ́mbà òun fúnra rẹ̀ ni.

Níwájú rẹ̀, Bísí tó ń kọrin ohùn kejì tẹ̀ ẹ́ parí, orúkọ kan sì yọ lójú fóònù rẹ̀: Ìyá Àánú. Bísí pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Orúkọ náà tún yọ. Bó ṣe ń yọ káàkiri nìyẹn, láti ìjókòó dé ìjókòó, lórí fóònù àwọn tó ti ń bá a jẹ, tó ti ń bá a mu. Orí kàn ń yí padà wò ó ni. Bísí gbé báàgì rẹ̀, ó sún jìnnà.

"Màmí?" ni Àánú, tó wálé lópin ọ̀sẹ̀, wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Adégòkè náà ti rí i lórí fóònù tirẹ̀. Ó wúkọ́. "Ìyá Àánú, a mọ̀ yín. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn ọmọ yahoo ló jí nọ́mbà yín lò. Ẹ jẹ́ ká fàdúrà lé wọn."

Irọ́ tó dùn ún gbé mì ni, wọ́n sì ti bá a gbé e kalẹ̀. Bó bá ṣe Àmín, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè mọ́, á sì wá ọgbọ́n mìíràn tí yóò máa fi pe Ezekiel. Ṣùgbọ́n ó rántí ohùn ọmọ yẹn, bó ṣe ń gbọ̀n nígbà tó ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Gbogbo àkókò yìí, òun ló ń bà á lẹ́rù. Ojú tì í.

Ó dìde. "Wọn ò jí i. Èmi ni mò ń pè. Líìnì bàbá Àánú ni mò ń pè, wọ́n sì ti tà á fún ọmọ kan. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un ni mi ò ṣe sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kú ní Òmùò."

Adégòkè sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Ó na fóònù tirẹ̀ sí i, nítorí ọmọ náà á ti búlọ́ọ̀kù nọ́mbà Fọlákẹ́mi. Fọlákẹ́mi tẹ nọ́mbà ọkọ rẹ̀ láìwo ibi kankan, Adégòkè sì ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ìjọ lè gbọ́.

"Hẹ́lò?"

"Ọmọ mi, má gé e. Èmi ni mo máa ń pè ọ́ nírọ̀lẹ́ tí mi kì í sọ̀rọ̀. Ènìyàn ni mí, mi ò kú. Ọkọ mi ló ni líìnì yìí tẹ́lẹ̀. Dárí jì mí."

"Ìyanuolúwa lorúkọ mi, mà. Òde-Èkìtì ni mo wà, mò ń kọ́ṣẹ́ irun. Wọ́n ní mo máa kú. Mi ò lè dá yàrá wọ̀ mọ́."

"O ò ní kú."

"Ṣé ẹ ò ní pè mọ́, mà?"

Kò sí ohun tó rọrùn tó ìbéèrè náà, gbogbo ìjọ sì ń dúró dè é. Fọlákẹ́mi wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Òun ló pọn omi ìsìnkú Ezekiel, òun ló dá gbogbo àlejò lóhùn lọ́jọ́ náà, tí kò sunkún, tí wọ́n ń yìn ín pé ó ní ọkàn akin.

"Mi ò ní pè mọ́," ló wí.

"Ẹ ṣé, mà. Ó dàbọ̀."

Kò lè gé fóònù náà. Àánú ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó gé e, ìgbà yẹn ni Fọlákẹ́mi tó sunkún ọkọ rẹ̀.