Ẹ̀dà Tó Tuntun Ju Ti Àká Lọ

Obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà nílé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì náà ní kí ẹ̀rọ pa gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́, ẹ̀rọ sì pa èyí tí kì í ṣe àtijọ́ rẹ́ mọ́ ọn.

Ẹni tọ́rọ̀ náà dé bá ni awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú ìyá rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó ti pẹ́ tí ìyá náà ti ríran kẹ́yìn. Ó ní, "Ojú ẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí, ṣó o gbọ́? Kì í ṣe ti dókítà." Jẹ́jẹ́ bẹ Bọ̀dá Ètò, tó ń pín iṣẹ́ fáwọn awakọ̀, ìyẹn sì fi awakọ̀ mìíràn, Ẹlẹ́rìn-ín, rọ́pò rẹ̀.

Obìnrin tí mò ń wí yìí kò mọ̀. Àǹtí Kí-ló-dé ni wọ́n ń pè é, torí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọ̀nà ọjà ló ń dà á láàmú. Wọ́n ti dí ọ̀nà náà láti tún un ṣe, wọ́n sì ti yí i padà nínú àká, níbi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ètò ìrìnnà pa mọ́ sí. Síbẹ̀, ojú ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu géètì ṣì ń rán bọ́ọ̀sì gba ibẹ̀.

Ó kọ̀wé sí Jíṣẹ́, ẹ̀rọ onílàákàyè tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní irinṣẹ́ tuntun.

"Kí ló dé tí géètì ò gbọ́ tàká?"

"Géètì kì í lọ sí àká nígbà gbogbo, mà. Ó máa ń pẹ́. Ẹ̀dà tá a gbé sítòsí rẹ̀ ló ń kà, ẹ̀dà yẹn sì ti gbó."

"Ṣé mo lè rí i?"

Ó rí i. Ó ń tú u wò bí ẹni tó ráyè wọ yàrá tí wọ́n máa ń tì pa. Ló bá kan iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì: àká ní Jẹ́jẹ́, ẹ̀dà ní Ẹlẹ́rìn-ín.

"Èyí náà ń kọ́?"

"Èyí tuntun ju ti àká lọ. Mi ò mọ ẹni tó fi síbẹ̀. Ṣé kí n pa ti ọ̀nà ọjà nìkan rẹ́, àbí gbogbo ẹ̀?"

"Ẹ̀dà wo ló ń jẹ́ tuntun ju ìyá ẹ̀ lọ? Má fèdè yí mi lórí. Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, jẹ́ n wò ó bó ṣe máa ń rí."

Ojú ẹ̀rọ ṣófo, ó tún kún látinú àká. Ọ̀nà ọjà ti tọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó gba ilé lọ.

Láàárọ̀, ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ sí fóònù Ẹlẹ́rìn-ín pé kò níṣẹ́, ló bá sùn padà. Fóònù Jẹ́jẹ́ dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù.

"Orúkọ ẹ ló wà níbí," ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wí. "Àwọn èrò ti ń dúró lójú títì. Bó ò bá wá, má wá mọ́."

Jẹ́jẹ́ lọ.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Kí-ló-dé tó gbọ́ àṣírí. Ọ̀gá kì í tètè fọwọ́ sí ìyípadà nínú àká, nítorí náà inú ẹ̀dà nìkan ni Bọ̀dá Ètò máa ń kọ ìpààrọ̀ iṣẹ́ sí.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" ó bi Bọ̀dá Ètò.

"Kí n sọ ọ́, kó o lè dí ihò tí mò ń gbà? Ìwọ tó ń bèèrè ohun gbogbo, kí ló dé tó ò bèèrè èyí lọ́wọ́ mi?"



Nígbà tí Jẹ́jẹ́ fi máa sáré dé ọsibítù, ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo fèrèsé. Dókítà ò ráyè dúró, ó ti tú aṣọ ojú rẹ̀. Ìyá di ọmọ rẹ̀ lágbọ̀n mú, ó wò ó títí.

"O ti hewú," ló wí.

Ojú nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí.