Ọtí Àdúrà ní Ìpàdé Àwọn Tó Fẹ́ Jáwọ́ Nínú Ọtí

Àlá tí Bàbá Akínlàbí lá mọ́jú ọjọ́ tí wọ́n máa sọ ọmọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ni mo fẹ́ rò fún yín. Bí ẹ̀rín bá pa yín, ẹ rín in, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nínú àlá náà, bàbá ò rí ohun ẹ̀rín kankan.

Ara rẹ̀ ò balẹ̀ kó tó sùn. Nígbà tí wọ́n ń sọ ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí lórúkọ, ọtí ti pa bàbá yó kẹ́ri. Ó gbé ọmọkùnrin làǹtì-lanti sókè lójú gbogbo ẹbí, ó sì sọ ọ́ ní Sàláwà, orúkọ obìnrin tó ń ta ògógóró ládùúgbò. Dárámọ́lá ọmọ rẹ̀ ti wá kìlọ̀ lọ́tẹ̀ yìí: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ọmọ, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí ọtí bá fi lè kọjá ọ̀fun yín, àbúrò yín ni mo máa gbé e fún." Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá wọnú egungun.

Bí oorun ṣe gbé e lọ báyìí, ó bá ara rẹ̀ ní títì Ìkirè lọ́sàn-án gangan, ó ń wá ibi tí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ti ń ṣèpàdé. Bàtà rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá a lóhùn.

"Ẹ yà sọ́tùn-ún," ni bàtà ọ̀tún wí.

"Ẹ má gbọ́ tiẹ̀ o," ni tòsì wí. "Ọ̀nà ilé Sàláwà nìyẹn. Ó ti mọ́ ọn lára ni."

Bàbá bọ́ bàtà ọ̀tún, ó fi í sápò, ó ń tiro lọ. Ẹni tó bá ń ṣini lọ́nà, àpò ló yẹ ẹ́.

Ilé ẹgbẹ́ náà ò sí nílẹ̀. Òkè ló léfòó sí, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi àgbálùmọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà tún gbé e lọ sí Gbọ̀ngán. Obìnrin kan yọjú lójú fèrèsé.

"Ẹ fò sókè, bàbá! Tẹ́ ẹ bá ti mutí tán, ṣebí ẹ máa ń ní ẹ lè fò?"

"Òótọ́ nìyẹn," ni bàbá wí. Ó fò, ó bá ara rẹ̀ lórí àga kan. Àga náà kí i káàbọ̀, ó ní kó rọra jókòó, ẹ̀yìn ń dun òun.

Ìgò sínáàpù kan tó dé fìlà ni alága ìpàdé. Ó ya bàbá lẹ́nu díẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀ yín jù mí lọ?" ni ìgò bi í. "Ta ló mọ gọ́tà tí olúkúlùkù yín ń sùn sí?"

Bàbá gbà pé kò sírọ́ níbẹ̀.

Akọ̀wé dìde, ọkùnrin gàgàrà kan tó so táì mọ́rùn. "A ò tíì bẹ̀rẹ̀ o. Látijọ́ tá a ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. A ò rí àgbà tó máa bá wa fi ọtí ṣàdúrà."

"Ọtí kẹ̀?"

"Háà, bàbá, ẹ̀yin náà! Ṣé ẹlẹ́rìndòdò lẹ fẹ́ ká fi júbà àwọn baba wa ni?"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni irùngbọ̀n ń hù ú. Kó tó jókòó, ó ti di òbúkọ, ó sì ń jẹ táì rẹ̀. Wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àṣà ìbílẹ̀.

Gbogbo ojú wá wà lára bàbá, òun ló dàgbà jù. Bí kò bá ṣàdúrà, ìpàdé ò ní bẹ̀rẹ̀. Bí ìpàdé ò bá bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jáwọ́? Alága fúnra rẹ̀ bẹ́ sí i lọ́wọ́, ó ṣí fìlà. Bàbá júbà, ó ta díẹ̀ sílẹ̀, ó sì tọ́ ọ wò bí àgbà ṣe máa ń ṣe. Bí ọtí ṣe kún ẹnu rẹ̀ tán ló rántí Dárámọ́lá.

Bó bá gbé e mì, ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ibi tó máa tu ú sí, àmọ́ ilẹ̀ ilé náà pariwo: "Àgbà kì í tu ọtí àdúrà dànù o! Àwọn baba ta lẹ fẹ́ bú?" Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dúró kó ṣe àmín, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kún ò lè ṣe àmín.

"Ẹ ṣàánú ẹ̀yìn mi, ẹ tètè ṣe àmín," ni àga ń bẹ̀ ẹ́.

"Mẹ̀ẹ́," ni akọ̀wé wí.

Okùn já, ilé gbéra, ó di Gbọ̀ngán. Ìyẹn ò kan bàbá. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ro ọmọ tí kò ní gbé.

Ìgbà tó máa lajú, ilẹ̀ ti mọ́. Dárámọ́lá dúró tì í, ó gbé ọmọ lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ṣì wú bíi ti ojú àlá, ó pa ẹnu dé. Ara fu ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbọ́ òórùn ẹnu bàbá, kò sì gbọ́ òórùn ọtí.

"Ẹ bá wa gbé e, kí ìyá rẹ̀ lè wẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́.

Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọyàn ni, ẹnu rẹ̀ kún. Ó wo bàbá lójú, kò júbà ẹnikẹ́ni, ó sì tu gbogbo rẹ̀ sí i láyà.

"Háà, ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá! Ẹ jẹ́ kí n gbà á."

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. "Jẹ́ kó tún un ṣe, kí n wò ó dáadáa."