Eyín Kan Nínú Méjìdínlọ́gọ́ta

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: kì í ṣe ìfẹ́ ẹ̀kọ́ ló mú kí Alágídí ra sikópù. Ẹ̀san ló fẹ́ gbà.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ mẹkáníìkì, nàka sí i lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé òun ló ba ọkọ̀ agbẹ̀bí kan jẹ́. Lóòótọ́, Alágídí ló pààrọ̀ ṣéènì tó ń mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà máa yí pọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ọ̀hún ti ń ta gìdìgìdì, tó sì ń kú lójú títì. Wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ojú tó ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí, lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́.

"Ó fi eyín kan fo ṣéènì yẹn," ni Bàbá Kékeré wí. "Ọwọ́ ìbàjẹ́ ló ní. Kó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kó máa lọ!"

Ó kó o, ó lọ. Ohun tó dùn ún wọ egungun ni pé kò sẹ́nikẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó mọ̀ pé ṣéènì yẹn jókòó dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rí, ẹni tí kò sì ní ẹ̀rí, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Sikópù ni yóò jẹ́rìí. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, tó ní ojú gíláàsì àti wáyà bíi mélòó kan. Bí o bá fi wáyà rẹ̀ kan sẹ́ńsọ̀ ọkọ̀, yóò máa ya iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá bí ìlà, kí o lè fojú rí i. Alágídí gbé e lé orí ọkọ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́sàn-án gangan, láìsí olùkọ́.

Ìyà jẹ ẹ́. Lọ́sẹ̀ kìíní, ìlà náà kàn na tàntàn síbẹ̀, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó rí ẹ̀gún wúruwùru lórí rẹ̀, ó sì pariwo pé sẹ́ńsọ̀ ọkọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Ọkọ rẹ̀ ra òmíràn. Ẹ̀gún ò kúrò. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ làálàá ló tó rí i pé orí irin tí wọ́n kùn lọ́dà ni òun há wáyà ilẹ̀ sí, dípò orí bátìrì. Ariwo wáyà tirẹ̀ ló ń kà bí àìsàn.

"Ara ọkọ̀ mi le kóko," ni ọkọ rẹ̀ wí, "kó tó di pé ìwọ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀."

Alágídí rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń sú u, yóò rántí "ọwọ́ ìbàjẹ́", ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì padà sídìí rẹ̀. Ó kọ́ pé ìlà tó lọ sọ́tùn-ún ni àkókò, èyí tó lọ sókè ni agbára iná. Ó kọ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ara líle ṣe rí kó tó pe ẹnikẹ́ni ní aláìsàn. Nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, àgbá kan wà tó ní eyín méjìdínlọ́gọ́ta. Eyín kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀ yóò ya òkè kékeré kan. Nígbà tí oṣù keje fi pé, ó ti lè ka àwọn òkè náà. Ó wá ọkọ̀ télọ̀ kan tó jẹ́ irú ti agbẹ̀bí, tí ara rẹ̀ le, ó ya ìlà rẹ̀, ó sì fi pamọ́.

Nígbà náà ló lọ bá agbẹ̀bí. "Ẹ jẹ́ kí n yẹ ọkọ̀ yín wò, ìyá. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kékeré ni màá ti yẹ̀ ẹ́ wò, lójú gbogbo wọn."

Ọkọ̀ tó ń kú lójú ọ̀nà ìrọbí ti sú ìyẹn. Ó gbà.

"Tẹlifíṣọ̀n lo gbé wá bá wa?" ni Bàbá Kékeré fi kí i káàbọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín.

Alágídí há wáyà ilẹ̀ mọ́ bátìrì, ó fi wáyà méjì kan sẹ́ńsọ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ó ní kí agbẹ̀bí tan ọkọ̀. Ó gbé ìlà ti télọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń yọ. Òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì bára mu régí, bíi ti télọ̀.

"Ṣéènì ò fo," ló wí. "Kò fo rí."

Ẹ̀rín tán. Inú Alágídí ń dùn. Ó wá nàka sí òkè kan tó kúrú láàárín àwọn yòókù nínú ìlà ọkọ̀ agbẹ̀bí. Ó pa ọkọ̀, ó yọ sẹ́ńsọ̀ ìsàlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀. Eyín àgbá kan ti tẹ̀, òun ló ń mú kí ọkọ̀ máa ta gìdìgìdì, ojú sukudiráfà sì hàn lára rẹ̀ kedere.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọgbọ́n yẹn níbẹ̀. Bí Bàbá Kékeré bá fẹ́ tú bóòtù ńlá iwájú ẹ́ńjìnì, yóò yọ sẹ́ńsọ̀, yóò ki sukudiráfà bọ ihò rẹ̀, kí àgbá má baà yí. Bó ṣe kọ́ gbogbo wọn nìyẹn. Agbẹ̀bí yíjú sí i. "Ṣé ẹ̀yin ni?"

Alágídí la ẹnu láti parí rẹ̀, àfi bó ṣe rántí. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀ ṣéènì yẹn, apá Bàbá Kékeré wà nínú báńdéèjì. Bóòtù náà le. Òun Alágídí fúnra rẹ̀ ló ki sukudiráfà bọ ihò sẹ́ńsọ̀, tó fẹsẹ̀ tẹ sípánà, tó gbọ́ "kẹ́ẹ́", tí kò sì wẹ̀yìn.

Bàbá Kékeré ń wò ó. Òun náà ti rántí. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá wa," ló wí. "Èmi ni."

"Ká rí àgbà!" ni ẹnì kan wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un.

Oṣù mẹ́jọ ni Alágídí ti ń retí gbólóhùn yẹn, àfi bí wọ́n ṣe wá fi ta á lọ́rẹ bí sàráà. Láti òní lọ, Bàbá Kékeré ni onínúure, òun sì ni ọmọ tí wọ́n bo àṣírí rẹ̀. Yóò máa kúnlẹ̀ dúpẹ́ títí ayé. Inú bí i ju ti ọjọ́ tí wọ́n lé e lọ.

"Irọ́ ni wọ́n pa," ló wí. Àtẹ́wọ́ dúró. "Èmi ni mo tẹ eyín yẹn. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lé mi lórí ohun tí mi ò ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ohun tí wọ́n kọ́ mi."

Bàbá Kékeré fẹ́ yí ẹ̀yìn padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ, Bàbá Kékeré," ni Alágídí wí, ó ti ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀. "Màá pààrọ̀ àgbá yìí fún ìyá. Ẹ dúró níbí kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tú bóòtù yẹn láìki nǹkan kan bọ ihò sẹ́ńsọ̀."